Lẹ́tà Sí Olóòtú: Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀, Ta Ló Ni Ẹjọ́?

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1928. Ẹni tó kọ ọ́ ní obìnrin ni òun, ọmọ Èkó ni òun, ẹwà òun kò kéré nígbà èwe, ṣùgbọ́n òun kò fi ẹwà náà ṣe ohun tó dára. Ọkọ tí òun fẹ́ àti àlè tí òun yàn kò lóǹkà. Ní báyìí, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, ìṣẹ́ ti wọlé, àwọn tó ń wárí fún òun lánàá kò yà kí òun mọ́. Òun fẹ́ kí olóòtú fún òun láyè nínú ìwé rẹ̀, kí òun ròyìn ayé òun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Orúkọ tó fi sábẹ́ lẹ́tà náà ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Olóòtú gbà fún un. Lẹ́tà kìíní yọ, èkejì tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 1930.

Háà, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ dé! Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tiwọn ránṣẹ́. Àwọn kan ń bá obìnrin náà kẹ́dùn, àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olóòtú, ẹnì kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun fún un. Kò sì yà mí lẹ́nu. Obìnrin yìí ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ará Èkó mọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn, ó ń kọ orin tó gbòde nígbà èwe wọn, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ Bíbélì yọ bí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wọn. Ta ni yóò gbọ́ orin tí òun náà ti jó sí rí, tí yóò ní irọ́ ni?

Irọ́ ni. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Ọ̀gbẹ́ni Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni Thomas. Ní 1930 náà ni ilé ìtàwé C.M.S. sọ ọ́ di ìwé, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Àwọn tó mọ̀ nípa lítíréṣọ̀ ti sọ tiwọn lórí ìyẹn, n kò ní í ṣe àtúnsọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ibi tí ọkùnrin yìí lọ fi ara pamọ́ sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú ìwé lẹ́tà? Ó lè kọ ìtàn kó ní ìtàn ni. Ó lè kọ ìwàásù, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ojú ìwé lẹ́tà ni Èkó ìgbà náà fọkàn tán jù, torí ibẹ̀ ni ènìyàn bíi tiwọn ti ń sọ̀rọ̀. Kí ibẹ̀ sì tó di ibi tí a ń fọkàn tán, ó ti ná àwọn olóòtú ní nǹkan.

Nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì C.M.S., tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1859, tó ń tà á ní 120 owó ẹyọ, ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìròyìn ọjà àti ti ìjọba ló pọ̀ níbẹ̀. Míṣọ́nnárì ló ni ẹ̀rọ, míṣọ́nnárì ló ni ọ̀rọ̀. Ìfólé ọdún 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé òyìnbó jáde nílùú, ló fi òpin sí i. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ́wọ́ ara wọn ní Èkó. Lagos Times dé ní 1880, Lagos Observer ní 1882, Lagos Weekly Record ní 1891. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ, lẹ́tà sì ń wọlé sí wọn lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òǹwòran ni.

Àwọn ọdún 1920 ló ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu. Adeoye Deniga bẹ̀rẹ̀ Èkó Akéte ní 1922, E. A. Akíntán gbé Ẹlẹ́tì Ọfẹ́ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, Èkó Ìgbẹ̀yìn tẹ̀ lé wọn ní 1926, kí Akéde Èkó tó dé. Yorùbá ni èdè wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń da Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá di pé akọ̀wé kékeré, tíṣà, oníṣòwò, ẹni tó ka ìwé díẹ̀ tó fi í sílẹ̀, gbogbo wọn lè mú kálàmù kí wọ́n bá ìlú sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, yóò jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, yóò dá sí i bí wọ́n ti ń kà á. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ṣe dé etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbé e dé ọjà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ olóòtú nígbà náà. Má ro ti ilé iṣẹ́ ńlá tó ní yàrá ogún o. Ọkùnrin kan ni, bóyá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mélòó kan. Òun ló ń kọ ìròyìn, òun ló ń wá ẹni tí yóò polówó ọjà, òun náà ló ń sáré lẹ́yìn àwọn tó gba ìwé tí wọn kò sanwó. (Ẹ ka ìwé ìròyìn àtijọ́ wò, ẹ ó rí bí olóòtú ti ń bẹ onígbèsè, tó tún ń fi wọ́n bú.) Lẹ́tà ń wọlé, ti ọwọ́ àti ti póòsì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to ègé òjé kọ̀ọ̀kan jọ kó tó di ọ̀rọ̀, nítorí náà lẹ́tà tó gùn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan gbáko fún ẹni tó ń tò ó. Àyè kò sì pọ̀. Asẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe ìwà, àyè ni. Lẹ́tà tí kò gba àyè púpọ̀ ló ń tètè rí ojú ọjọ́.

Asẹ́ kejì ni orúkọ. Ìlànà tí àwọn olóòtú wa bá lọ́wọ́ àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tó kọ lẹ́tà lè fi orúkọ àdàpè sí i tí yóò bá jáde, ṣùgbọ́n olóòtú gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀ gan-an àti ibi tó ń gbé. Ìlú kò ní í mọ̀ ọ́n, olóòtú nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Mo ti ronú lórí ìlànà yìí títí, mo sì gbà pé ọgbọ́n ńlá ló wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé tó ń jẹun lábẹ́ ìjọba òyìnbó kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sọ pé ọ̀gá òun ń ṣe màgòmágó. Obìnrin ilé kò lè fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sọ ohun tí àwọn ẹbí ọkọ ń fojú rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ní dandan ni kí orúkọ jáde, ẹnu wọn dí nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ ohun tó wù ú láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọ̀tá a máa fi òkùnkùn ju òkò. Olóòtú wá di ẹni tó dúró láàárín, tó gba àṣírí mọ́ra.

Asẹ́ kẹta ni ìwé kékeré tí wọ́n máa ń tẹ̀ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé kọ, òǹkàwé ló ni ín, ọwọ́ olóòtú kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Ìwé yẹn dùn-ún kà, ṣùgbọ́n níwájú adájọ́, kò ju ewé ẹ̀kọ lọ.

Ìdí ni pé òfin ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn. Ní 1903, nígbà Gómìnà MacGregor, ìjọba Èkó ṣe òfin ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, kó sì ní onídùúró lórí 250 pọ́n-ún. Ẹ rántí iye tí pọ́n-ún kan jẹ́ nígbà náà. Ní 1909, nígbà Gómìnà Egerton, òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ sí ìjọba tẹ̀ lé e. Àwọn òfin wọ̀nyí kò wá ẹni tó ronú ọ̀rọ̀ rí, wọn kò sì ní láti wá a. Ẹni tó ni ìwé, tó ní ilé, tó ní orúkọ nínú ìwé ìjọba, òun ló rọrùn láti mú. James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, ti di àgbàlagbà nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1916 lórí ohun tó tẹ̀ nípa ìjọba. Ní 1925, Thomas Horatio Jackson ti Lagos Weekly Record ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n ní ó tàbùkù ilé-ẹjọ́. Ní 1928, ó kan Herbert Macaulay fúnra rẹ̀. Lagos Daily News tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Èṣùgbàyí Elékòó, ọba tí ìjọba ti rọ̀ lóyè ní 1925. Àhesọ ni o, ohun tí ìlú ń sọ lẹ́nu. Ilé-ẹjọ́ kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́jà. Oṣù mẹ́fà ni Macaulay gbà.

Ẹ wo ọdún náà dáadáa, 1928. Ọdún yẹn gan-an ni Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀. Ọkùnrin tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Macaulay, tó tún wá ṣí ìwé ìròyìn tirẹ̀ tó sì ń gba lẹ́tà, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí òun bá gbà wọlé, ọrùn òun ni òun fi gbà á. Ẹni tó kọ ọ́ wà nílé rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀bà, olóòtú ni ọlọ́pàá yóò kàn lára.

Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá ni gígé. Olóòtú a máa gé ọ̀rọ̀, ẹni tó kọ lẹ́tà a sì máa bínú. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan nípa ẹ̀rọ omi àdúgbò wa. Ìjọba ti sanwó iṣẹ́ náà, omi kò sì yọ. Mo dárúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Wọ́n tẹ lẹ́tà mi lóòótọ́, ó kù ìlàjì, ó dà bíi pé mò ń rojọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Orúkọ ọkùnrin yẹn kò sí níbẹ̀. Títí di òní, èrò mi ni pé ohun tí wọ́n gé kúrò gan-an ni lẹ́tà náà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi gé e o. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà lówó, ó ní lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ rí bó ṣe rí: òfin tó ní òun ń dáàbò bo orúkọ rere ènìyàn, orúkọ ẹni tó lè pe lọ́yà ló ń dáàbò bò jù. Wọ́n lè tẹ èébú lu alágbàṣe, wọ́n lè pe obìnrin ọjà ní olè, kò sẹ́ni tí yóò pè wọ́n lẹ́jọ́.

Àwọn olóòtú náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n a máa jẹ́ kí lẹ́tà tó bú olóòtú kejì wọlé kíákíá. Orúkọ àdàpè tó ń bo aláìlágbára, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ń wọ̀ láti bá ara wọn jà. Bí ìjà bá wá gbóná jù, tí òǹkàwé méjì ti ń kọlu ara wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, olóòtú a ní ó tó gẹ́, lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti parí. Agbára ńlá nìyẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló dà bí ẹni tó jàre, olóòtú ló sì ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Thomas. Lójú tèmi, ohun tó ṣe gbọ́n púpọ̀, ó sì burú díẹ̀. Ó gbọ́n nítorí pé ẹni tí kò sí kò lè ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Sẹ̀gilọlá lè sọ gbogbo àṣírí àwọn ọlọ́lá Èkó tó ń wọ ilé àlè lóru tó ń gba ara Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kò sí ọlọ́lá tó lè dìde níwájú adájọ́ pé èmi lobìnrin yìí ń bá wí. Ohun tí olóòtú kì bá gé kúrò nínú lẹ́tà ẹlòmíràn, ó rí ọ̀nà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó burú, nítorí àwọn tó kọ̀wé sí obìnrin yẹn gbà pé àwọn ń bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara sọ̀rọ̀. Owó tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́, àánú ló fi ránṣẹ́. Ẹni tí ìlú fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó mọ orúkọ tó wà lẹ́yìn gbogbo orúkọ àdàpè, òun gan-an ló wọ aṣọ àlejò tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Tí ènìyàn bá ti rí olóòtú nínú aṣọ òǹkàwé lẹ́ẹ̀kan, yóò máa wo gbogbo aṣọ tó kù kọ́lọ́kọ́lọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń ní ìtàn àròsọ ni, kí ló kan ẹ̀tàn níbẹ̀. Ó dáa. Ṣé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ mọ̀ pé ìtàn àròsọ ni?

Àríyànjiyàn yìí kò bá àwọn ìwé ìròyìn òjé wọlẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé ẹlòmíràn láìsí pé ẹnì kan tò ó pẹ̀lú òjé, ohun kan náà ló tún yọjú, àfi pé ní Amẹ́ríkà ó gba ọ̀nà tó rúni lójú. Ilé iṣẹ́ méjì, CompuServe àti Prodigy, ń gba ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà wọn síta. CompuServe kì í yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ní 1991 ilé-ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi ohun tí ẹlòmíràn kọ. Prodigy ní tirẹ̀ ń yọ ọ̀rọ̀ rírùn kúrò, ó ń tọ́jú ilé. Ẹni kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ burúkú síbẹ̀ nípa ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín ìdókòwò, ní 1995 ilé-ẹjọ́ New York ní níwọ̀n ìgbà tí Prodigy ti ń gbálẹ̀, Prodigy ló ni ìdọ̀tí tó kù. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó gbálẹ̀ jẹ̀bi, ẹni tí kò gbálẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́! Ọdún kejì, 1996, ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin tuntun yí i padà, pé ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣe ti ẹni tó gbà á sílé, kí onílé sì lè gbálẹ̀ láìbẹ̀rù.

Yúróòpù kò gba ibẹ̀. Ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Estonia, Delfi, tẹ ìròyìn kan ní 2006 nípa ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn òǹkàwé tí kò fi orúkọ hàn bú ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà bí ẹní bú ajá. Delfi yọ èébú náà kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2015 wọ́n ní Delfi jẹ̀bi. Owó ìtanràn náà kò ju 320 yúrò lọ. Ohun tó dun àwọn oníwèé ìròyìn kì í ṣe owó, ó jẹ́ pé MacGregor ti padà dé.

Ní Nàìjíríà tiwa, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ti fi mú àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ fúnra wọn láìmọye ìgbà, pàápàá àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ nípa alágbára. Olóòtú tó máa ń dúró láàárín, tó máa ń di orúkọ mọ́ inú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Fóònù ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n ń tọ lẹ́sẹ̀ títí dé ilé rẹ̀.

Thomas ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn Sẹ̀gilọlá. Ó rìn kiri ilẹ̀ Nàìjíríà, ó kọ ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ sínú Akéde Èkó, òun náà ló sì kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé Herbert Macaulay, ọkùnrin tó ṣẹ̀wọ̀n lórí àhesọ. Ní 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, tún ìwé Sẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kó àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn láti inú ìwé ìròyìn ìgbà náà mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i, kó kà á. Orúkọ Thomas ti wà lára ẹ̀yìn ìwé báyìí níbi tí ó ti yẹ kó wà láti 1929. Àwọn òǹkàwé tó kọ lẹ́tà sí obìnrin náà kò gbọ́ èyí. Nínú Akéde Èkó àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwọn ṣì wà, tí wọ́n ń bá Sẹ̀gilọlá kẹ́dùn.